Nọ́ńbà Tí Mo Fọwọ́ Nù Lára Pákó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ìyàwó mi, tí n kò sì sọ fún ìmáàmù wa. Ó ti lé ní ọdún méje tí mo ti ń gbé e kiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fojú kan ẹni tí mo ṣẹ̀.

Káfíńtà ni mí, ọmọ Ìwó. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Garki ni mo dé Abuja, èmi àti ayùn kan pẹ̀lú àpò aṣọ. N kò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ràímì fún mi, pé Yorùbá ni, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣe ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà. Káfíńtà bí ogún ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní Alhaji, á dá a lóhùn pé, "Ràímì ni ìyá mi ń pè mí o." Lọ́jọ́ tí mo dé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó bù fún mi nínú ẹ̀bà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Jẹun ná, ayùn ò ní í sá lọ."

Ẹni tó bá ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún mélòó kan, Bàbá á ra irinṣẹ́ fún un, á gba ṣọ́ọ̀bù fún un, á sì bù fún un nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti ṣe é fún èèyàn mẹ́rin kí n tó dé, àwọn náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó wù mí kí n dà bíi rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ràn bàbá yẹn bí ẹni tó bí mi.

Èmi àti Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Kàbà kan, ló kàn. Ọ̀kan nínú wa ni Bàbá máa kọ́kọ́ mú. Fọlọ́runṣọ́ kàwé jù wá lọ, nítorí náà òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà oṣù tí pákó dé sára òkìtì kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ èyí tó ti gbẹ. Òfin Bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: a kò gbọdọ̀ fi pákó tútù ṣe ilẹ̀kùn.

Lọ́dún yẹn, iṣẹ́ kan dé tí wọ́n fẹ́ kíákíá. Pákó gbígbẹ tó kàn mí tán. Mo fẹ́ parí ṣáájú Fọlọ́runṣọ́, kí Bàbá lè rí i pé èmi ló tọ́ sí. Òkìtì kan wà tó dé ní oṣù kẹjọ, láàárín òjò. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, gbogbo wọn lọ kírun, Fọlọ́runṣọ́ lọ jẹun. Èmi náà yẹ kí n wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo tẹ ìka bọ omi, mo nu apá òsì nọ́ńbà náà, 8 di 3. Ẹni tó bá wò ó, á rò pé láti oṣù kẹta ni pákó náà ti wà nílẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ parí. Bàbá yìn mí níwájú gbogbo wọn.

Ọyẹ́ dé, àwọn ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Òmíràn kò ṣeé tì, òmíràn há pátápátá. Bàbá Ràímì ṣí fìlà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń bú u, òun ń sọ pé, "Hàkúrí, Hajiya, ẹ̀bi tèmi ni." Mo gbé àpótí irinṣẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì mí, síbẹ̀ n kò lanu. Ó tún gbogbo ilẹ̀kùn náà ṣe lọ́tun.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ wo èyí tó kù lára òkìtì náà, wọ́n bá 3 lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ pákó náà kò tíì gbẹ. Fọlọ́runṣọ́ ní òun kò rò pé òun kọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó wá gbà pé ọwọ́ òun ni lóòótọ́. Bàbá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi náà ti ṣi pákó lò rí."

Bàbá fi í sílẹ̀, àwa kò fi í sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé, "Kai, Tíṣà, oṣù wo la wà yìí?" Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìyẹn burú ju nọ́ńbà tí mo nù lọ. Kò pé oṣù kan tó fi lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Bàbá gba ṣọ́ọ̀bù fún. Títí di òní, tó bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, á mú un wá bá mi, á ní fún un pé, "Wo ọmọ yìí dáadáa, kì í kánjú." Èmi á máa rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra pákó ní Idu. Ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù níbẹ̀ pè mí ní ọ̀gá. Fọlọ́runṣọ́ ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó béèrè àlàáfíà Bàbá. Ó wá ní, "Ọ̀gá, mo ti rò ó títí. Èmi ni mo ṣì í kọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá."

Mo ní mo ti gbọ́, mo ní n ó bá a bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ? Bàbá á dárí jì mí lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọjọ́ kẹfà rèé tó ti ń retí kí n wá sọ fún òun bóyá Bàbá ti dárí ji òun.