Làálì Tí Kò Jẹ́ Kí N Lọ Odò

Nígbà témi náà ń ṣe ọmọge ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ń bu omi sí ìyàwó lójú láti wò ó bóyá àtíkè rẹ̀ á ṣí. Ẹ gbọ́... ẹ má bínú, láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín. Ìwọ Rọfíà, ọmọ ọmọ mi, o jókòó síwájú dígí bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe mekọ́ọ̀pù kun apá ọ̀tún ojú rẹ lọ́tọ̀, ó kun apá òsì lọ́tọ̀, ó wá bu omi sí méjèèjì. Ó ní èyí tí kò bá ṣí lẹ máa lò lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ó máa wà lójú rẹ títí di alẹ́. Alẹ́ wo? Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà? Ó dáa.

Tèmi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Làálì ni tiwa. Ìyá mi, ọmọ Ẹdẹ ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ làálì ṣeré. Láyé ìgbà yẹn, nínú àwọn ilé tí àwa mọ̀, bí làálì bá ṣì wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ìyàwó tuntun, ẹnikẹ́ni kì í rán an níṣẹ́ tó wúwo. Kò ní pọnmi, kò ní gúnyán, kò ní tẹ̀ lé wọn lọ oko kòkó. Àlejò ni. Ọjọ́ tí làálì bá ṣí tán, ìgbà àlejò ti parí nìyẹn. Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Sátidé ìgbéyàwó, Mọ́ńdè ẹ ti wà níbi iṣẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé sòbìà mú mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún tí mo lọ sílé ọkọ? Ẹ ò lè mọ sòbìà. Kòkòrò ni, inú omi odò la ti ń mu ún, á wá máa gba ẹsẹ̀ èèyàn jáde bí okùn. Egbò mi ti jiná lójú, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn kò tíì gba ẹrù. Bí mo bá gbé páànù omi lérí, á máa gbọ̀n. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Ẹdúnàbọ̀n ni mò ń lọ, odò jìnnà sí ilé yẹn, wọ́n sì ti gbọ́ pé ìyá ọkọ mi le. Bí àwọn ará ilé ọkọ mi bá rí i pé mò ń tiro, kí ni wọ́n máa sọ? Pé a gbé aláàárẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè dá mi padà sílé.

Ìyá mi bá lọ bá obìnrin kan tó ń lé làálì lẹ́yìn Ẹnuwá. Wọn ò béèrè èyí tó rẹwà. Wọ́n ní, "Èyí tó máa pẹ́ ni kó o bá mi lé." Obìnrin yẹn gún ewé làálì fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ dì mí lọ́wọ́, ó dì mí lẹ́sẹ̀. Mi ò lè họ ara. Ìyá mi ló ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu bí ọmọdé.

Ó pọ́n lóòótọ́. Mo dé Ẹdúnàbọ̀n, mo jókòó, mò ń jẹ, mò ń kí àlejò. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí làálì pẹ́ tó, á ṣí. Àràárọ̀ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àlùwàlá nìkan ti tó láti ṣí i... ṣé kí n má kírun ni? Àwọn ìyàwó ilé náà ti ń wo èékánná mi. Ọ̀kan nínú wọn gbé páànù sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó yé mi.

Lọ́jọ́ kan, mò ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wọlé, wọ́n gbé abọ́ kékeré kan jáde. Làálì tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀, mo nà án. Wọ́n tún un lé, wọn ò kánjú. Ìgbà tí wọ́n dé ibi àpá egbò yẹn, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Àwọn ìyàwó ilé ń kùn. Ìyá ọkọ mi ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé làálì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń tún un lé nìyẹn, títí ẹsẹ̀ mi fi lágbára. Ọjọ́ tí mo gbé páànù fúnra mi, wọ́n kàn ní kí n má pọn ọ́n kún. A jọ gbé títí wọ́n fi kú. A jà, a parí ẹ̀, wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀ yẹn rí. Èmi náà ò béèrè. Wọ́n le o... irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ìyá mi.

Ní báyìí, sòbìà ti tán, ẹ̀rọ omi wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ayé ìjọ́un padà wá.

Mú èyí tó bá wù ẹ́, Rọfíà. Apá òsì yẹn ló dáa jù, tó o bá bi mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọmọ tìẹ náà á wọlé wá, gbogbo èèyàn á máa wo ojú rẹ̀. Ìwọ ni kó o wo ẹsẹ̀ rẹ̀.