Ìkíni Màmá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Ilé wa ní Ìsọlọ̀ ni mo jókòó sí yìí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló kó mi sí wàhálà.

N ò kàwé púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo kọ́ ara mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé àkọsílẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ohun tí Màmá, ìyá ọkọ mi, sọ nígbà tínú bí wọn àti nígbà tínú wọn dùn. Nígbà tí Màmá kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ìrìn-àjò ẹ̀mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn àdúrà, ẹ̀mí mi sì gbéra lọ sọ́run. Mo rí Màmá! Wọ́n kọ̀yìn sí mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò wẹ̀yìn, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ tẹ ìrìn-àjò náà jáde, àmọ́ ṣé ìyẹn á di odindi ìwé? Mo bá ṣí àkọsílẹ̀ mi, mo fi ọ̀rọ̀ tí Màmá ti sọ láyé sí wọn lẹ́nu lọ́run, mo sì jẹ́ kí wọ́n kí gbogbo ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ̀wé tí mo gbé e lọ bá ní Ṣógúnlé ní mẹ́rin-mẹ́rin lòun ń ka ojú ìwé, pé tèmi fi ìlà díẹ̀ lé, kí n yọ nǹkan kí n má bàa sanwó ojú ìwé mẹ́rin mìíràn. Mo yọ ìpínrọ̀ kan láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìkíni ta ló wà níbẹ̀? Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin! Àǹtí Aswani ni mò ń pè wọ́n, torí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ọjà Aswani ni wọ́n sì ti ń ta aṣọ.

Àǹtí ka ìwé náà tán, wọn ò yà sílé wa fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n wá, wọ́n ti rù. Wọ́n ní Màmá kí gbogbo àbúrò àwọn, Màmá tiẹ̀ béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ ilé, àmọ́ Màmá ò dárúkọ àwọn. Wọ́n ní ṣé torí pé ọjà làwọn wà lọ́jọ́ tí Màmá kú ni.

"Ìyàwó wa, padà lọ. Bá mi bi Màmá ohun tí mo ṣe."

Mo ní kì í ṣe bíi kéèyàn wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni. Wọ́n ní àwọn á dúró. Wọ́n fa àga ti ẹní mi, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi kí ẹ̀mí mi lè tètè gbéra. Ta ló máa sùn bẹ́ẹ̀? Mo dijú títí ọrùn fi ń ro mí. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n jẹ́wọ́, àmọ́ mo wo ojú wọn, n ò lè ṣe é.

"Màmá kí yín. Wọ́n ní ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n rárá. Wọ́n ní kí n kí Ìyá Mi Kékeré."

Orúkọ tí Màmá fi ń kẹ́ wọn nìyẹn. Àǹtí ò mọ̀ pé Màmá ti sọ ọ́ fún mi rí, pé mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ẹ̀bà abọ́ méjì.

Bó bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá panu mọ́. Àmọ́ Àǹtí ti ròyìn mi káàkiri ọjà. Ní Sátidé, wọ́n ń mú ọ̀rẹ́ wọn kan bọ̀, tí ọkọ rẹ̀ kú láì sọ ibi tó tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. N ò mọ ọkùnrin náà rí! Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkàn Àǹtí á tún dàrú. Bí n ò bá jẹ́wọ́, ibo ni kí n ní ìwé ilẹ̀ wà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ̀wé bíi tèmi, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí òkú náà kí gbogbo ilé tán o.