Bébà Kan Ṣoṣo Tí Mo Kà Sódì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má tètè bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún méjìlá. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ní ìjẹta, ẹnì kan wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi gan-an dá. 

Bantè ni mo ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe. Mo lọ sí iléèwé díẹ̀, mo sì mọ Faransé, èdè ìjọba wa, kà, nítorí náà èmi ni wọ́n ń gbé lẹ́tà àti ìwé ìjọba wá bá láti Koko àti Bobè. Ojú Ìwé ni wọ́n ń pè mí. Bí ọ̀rọ̀ búburú bá wà nínú lẹ́tà, mo máa ń kà á bó ṣe wà. Ìyá àgbà kan sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi rí, síbẹ̀ mi ò fi irọ́ tù ú nínú. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Ràmátù ni orúkọ ìyàwó mi, ọmọ Bobè. Bó bá fẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, a kì í gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní ìgbà òjò ọdún kejì ìgbéyàwó wa, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ro oko iṣu ní Koko. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ń gbá wọn lára, mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ibà dá mi wólẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ara gbígbóná ni à ń pè ní palu. Mo lo oògùn palu, kò gbọ́. Ẹ̀yìn ojú ń ro mí, oríkèé ń ro mí, ara mi sú wínníwínní. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹpọ̀n mi kan wú, mi ò lè rìn dáadáa.

Ojú tì mí láti sọ. Mo ní fún Ràmátù pé orúnkún ló ń dùn mí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń fi omi gbígbóná jó orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan.

Ara mi yá, ṣùgbọ́n ọdún kan di méjì, ó di mẹ́ta, kò sí oyún. Ìyá mi kì í pariwo. Ó kàn máa ń dárúkọ ọmọ àwọn tó ṣègbéyàwó lẹ́yìn wa, létí Ràmátù. Níkẹyìn àwa méjèèjì lọ sí Savalou, dókítà kan yẹ̀ wá wò. Èmi nìkan ni mo padà lọ gba èsì, nítorí ara bàbá Ràmátù kò yá.

Dókítà bi mí bóyá mo ti ṣe ibà tí ẹpọ̀n mi wú rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀.

“Kámáràdì, ìyẹn kì í ṣe palu. Ibà mìíràn wà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Nígbà mìíràn kòkòrò rẹ̀ lè dé ẹpọ̀n, kó ba ibi tí àtọ̀ ti ń wá jẹ́. Mi ò lè búra pé òun ló ṣe yín, ṣùgbọ́n àtọ̀ yín kò lágbára. Ara ìyàwó yín ní tirẹ̀ dá ṣáká. Ó lè padà bọ̀ sípò o. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.”

Ó kọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé sínú bébà kan, ó fi “Musié”, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, ṣáájú orúkọ mi.

Ní ilé wa, irú bébà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá mi ti pe àbúrò bàbá mi, ó ti pe ẹ̀gbọ́n Ràmátù láti Bobè. Gbogbo wọn jókòó. Àbúrò bàbá mi ní, “Ojú Ìwé, ó yá, kà á fún wa.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ kà á bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń wo ẹnu mi. Mo rántí bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù mi bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò lè bímọ. Mo lanu, mo ní, “Wọ́n ní inú obìnrin náà kò lè gba ọmọ dúró.”

Ta ló máa já Ojú Ìwé nírọ́? Ràmátù nìkan ló rọra ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó tilẹ̀ já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó ní kí n fẹ́ ẹni tó máa bímọ fún mi. Èmi ni mo bá a di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo fa okùn náà le dáadáa.

Mi ò padà sí Savalou. Bí dókítà bá ní àtọ̀ mi ti sàn, kí ni mo máa wí fún Ràmátù? Bó bá ní kò sàn ńkọ́? Títí dòní mi ò mọ̀. Ìyá mi mú ọmọge wá títí, mo kọ̀ wọ́n. Àwọn ará àdúgbò ń yìn mí pé mo fẹ́ràn aya àárọ̀ mi. Ìbẹ̀rù ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, rédíò ni mo ń tàn kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Bí bátìrì bá kú, mo máa ń dá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ibà tún dá mi dùbúlẹ̀. Ràmátù gbọ́ lọ́jà. Ní ìjẹta ó gbé abọ́ èlùbọ́ wá kí mi. Kò tíì pé ogójì ọdún, ewú méjì péré ló wà lórí rẹ̀. Ó sọ fún mi pé káfíńtà kan ní Bobè, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ti wá bẹ òun lẹ́ẹ̀mejì pé kí òun fẹ́ ẹ.

“Mo ní rárá. Mi ò ní gbé inú òfìfo lọ tan ọkùnrin mìíràn jẹ.”

Ó wá kúnlẹ̀. “Ẹ foríjì mí pé mi ò fún yín lọ́mọ. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa kú kí n tó bẹ̀ yín.”

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo máa sọ báyìí ló burú jù. Mo wò ó lórí ìkúnlẹ̀, mo ní, “Mo ti foríjì ọ́.”

Bébà náà wà nínú agolo lábẹ́ ibùsùn mi. Ràmátù máa padà wá gbé abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Káfíńtà náà kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá dákẹ́, mo tún ti gba ọdún mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sì ka bébà náà, mo mọ̀ ọ́n, á ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu wo ni mo máa fi kà á?