Ọjọ́bọ̀ Ni Bàbá Wa Máa Gbé Àáké Jáde

Rárá o, Ọ̀gá Tíṣà, mi ò jókòó! Àga yín dáa lóòótọ́, tìmùtìmù wà lórí ẹ̀, àmọ́ tí mo bá fìdí kàn án báyìí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lóye, èmi ò sì wá gba òye, ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá gbà! Oketch ọmọ Nyangweso, ọmọ ìyá mi, tí ẹ tì mọ́ inú ọgbà yìí láti ìgbà tí àgbọ̀n ẹ̀ ṣì ń dán bí ikùn ẹja, tó ti wá ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀ kó tó lọ tò pẹ̀lú àwọn ọmọ tó tó ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Mo ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ yọ̀ǹda ẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n ní ọ̀gá kọ̀. Mo wá fúnra mi, gétímáànù ní òun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n wọlé. Ó dáa, ó ti sùn báyìí, mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jí i, ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, ó jọ pé àlá owó oṣù ló ń lá.

Ẹ má wo aago, Ọ̀gá. Aago yín ò lè sáré tó ikọ́ bàbá mi.

Ọmọ ẹ̀yà Luo bíi tèmi ni yín, ẹ má ṣe bí ẹni tí wọ́n bí sínú páálí ìwé! Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kì í kọ́ simba tiẹ̀, ahéré tó máa mú ìyàwó wọ̀, nínú agboolé bàbá ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò tíì kọ́. Bàbá fúnra ẹ̀ ló máa mú àáké àti àkùkọ jáde ní ìdájí, òun ló máa gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ dúró síwájú, àbúrò á máa retí lẹ́yìn. Ẹni tó bá rú òfin yìí, chira, ègún èèwọ̀, ló máa bá pàdé. Ṣé kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí chira ṣe ń jà? Èèyàn á máa jẹun, ara á máa gbẹ. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò ní rí nǹkan kan. Obìnrin á lóyún, oyún ò ní dúró. Ẹ ò rántí àwọn ọmọ Ogalo létí omi lọ́hùn-ún? Àbúrò ló kọ́kọ́ kọ́lé, ó ní òun ti lajú. Kò sí ẹnì kan lára wọn lónìí. Ahéré náà ṣì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn sínú ẹ̀. Ewúrẹ́ ọ̀hún náà sì ń rù!

Ni mo bá dúró sẹ́yìn. Mo dúró, mo dúró, ẹsẹ̀ fẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò. Ọmọ ìyá mi ń ka Fọ́ọ̀mù Kẹrin, kíláàsì àṣekágbá. Ó kà á tán, ó gba D. Ẹ ní kó tún un kà. Ó tún un kà, D náà ló padà wálé, ó kàn dé àmì ìròpọ̀ bíi fìlà ni. Ẹ ní máàkì ń gòkè. Ìjàpá náà ń gòkè, Ọ̀gá! Ó tún wá ń kà á lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ n bi yín, tí ọbẹ̀ bá jóná lónìí, tó jóná lọ́la, ṣé ìkòkò la ó máa nà ni, àbí a ó yẹ ẹni tó ń dáná wò?

Kí tiẹ̀ lẹ ń kọ́ wọn gan-an? Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká béèrè. Nígbà tó wálé fún họlidé, mo ní kó bá mi tún àwọ̀n ṣe, ó ní òun mọ orúkọ gbogbo odò ilẹ̀ Jámánì. Ó sì kà wọ́n lóòótọ́, ìyá wa ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n" bí ẹni pé ìbátan ló ń dárúkọ. Mo ní ẹja wo ló wà nínú wọn, ó ní ìwé ò tíì débẹ̀. Ohun mìíràn tí mo rí pé ẹ ń kọ́ wọn ni gígé koríko. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ẹni tó bá sọ èdè ìyá ẹ̀, kó lọ gé koríko. Ṣé torí koríko la ṣe rán an wá? Koríko wà nílé! Koríko tí a kó jọ láti fi bo ahéré ẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹrà, ejò ti ń bímọ sínú ẹ̀!

Akeyo, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, sì ti lóyún fún mi. Hẹn, mo ti sọ ọ́, ẹ fà mí létí tí ẹ bá fẹ́. Ìyá ẹ̀ ní tí òjò bá fi lè bẹ̀rẹ̀ tí mi ò ní òrùlé tí mo máa mú un wọ̀, òun á fi í fún bàbá arúgbó kan ní òdìkejì omi. Ẹ yọjú síta kí ẹ wo ojú adágún bó ṣe dúdú.

Bàbá wa ńkọ́? Ó ní kí òun dán àáké wò lánàá. Ó gbé e dé orókún, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun máa jáde, ọmọ tí òun bá bá níbẹ̀ ni òun máa gbẹ́ ihò fún, torí òun ò mọ̀ bóyá Ọjọ́bọ̀ mìíràn wà. A ti so àkùkọ náà mọ́lẹ̀. Àkùkọ tí kì í jẹ́ ká sùn, Ọ̀gá, láti ìgbà tí a ti so ó kò kọ mọ́. Ó kàn ń wò mí.

Ẹ fún un ní Ọjọ́bọ̀! Odò Jámánì ò ní gbẹ kó tó padà dé!

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ.

Irọ́! Ẹ fi ìyá yín búra! Ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀ látọjọ́ yìí? Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ yín pé kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ̀? Òun ló ní kí gétímáànù má ṣílẹ̀kùn fún mi? Oketch? Oketch tó máa ń gbé mi sẹ́yìn wẹ odò?

Ó ní… ó ní tí bàbá bá ti gbẹ́ ihò òun tán, kò ní sí ohun tó ń dá bàbá dúró láyé mọ́.

Háà. Oketch.

Ó wá sá wá síbí. Mo ti rí i. Ibí yìí ni ọjọ́ kì í lọ. Wọ́n á lu agogo, ẹ ó jẹun, wọ́n á lu agogo, ẹ ó sùn, bó bá tún di ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó tún ìwé kan náà kà. Tí òkú bá sùn nílé, wọn kì í pe ọmọ ilé ìwé kó wá gbẹ́lẹ̀. Mo ṣe bí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọdé di ọkùnrin lẹ ṣí síbí, àṣé ihò òkété ni! Ṣé ikú náà máa ń dúró de họlidé ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ ò wá sọ fún un?

Ó dáa. Ẹ lé e. Lónìí yìí! Ẹ bọ́ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn lọ́rùn ẹ̀, ẹ tì í síta, màá gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Tí ẹ ò bá sì lé e, kò burú, kò burú rárá, ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ èmi ni màá dúró síwájú, èmi ni màá bá bàbá di àáké náà mú.

Hahaha! Ẹ wo ojú yín! Ẹ̀rù ń bà yín nítorí mi? Ẹ rò pé èmi ni chira máa kọ́kọ́ wá? Ọ̀gá Tíṣà, chira mọ ìtò ju ẹ̀yin lọ. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí ló máa kọ́kọ́ yà, kò sì ní bá a nílé. Á béèrè, wọ́n á júwe ibí fún un. Á wọ yàrá tí àwọn ọmọ yín ń sùn sí, á bá gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tò lọ bẹẹrẹ, orí kan náà tí ẹ fá fún wọn, súwẹ́tà kan náà lọ́rùn wọn.

Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí chira lè dá Oketch mọ̀ láàárín wọn.