Ojú-Ìwé Tí Mo Gé Nínú Ìwé Ìgbéyàwó

"Bàbá àgbà, mo ti rí i!" Maëlle, ọmọ ọmọ mi tó ń wá ìtàn ìran wa, fọwọ́ lu tábìlì, ọbẹ̀ dànù. "Mo ti rí òbí Sansfaçon!"

Délima ìyàwó mi fò dìde, ó ń wá awò ojú rẹ̀ kiri. "Orí yín ló wà, Màmá àgbà!" Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Délima wò mí. "Ovila, ṣé eku lo gbé mì ni?"

Òtítọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi fúnra mi ni n ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ní 1960, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ìjọ. Bí ẹni méjì bá fẹ́ fẹ́ra, èmi ni fàdá ń rán pé kí n wo ìran wọn, kí ẹbí má baà fẹ́ ẹbí. Iṣẹ́ náà le, nítorí àwọn ìdílé ilẹ̀ wa máa ń ní orúkọ méjì: ti bàbá, àti àlàjẹ́ tí a so mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n a mú èkíní, àbúrò a mú èkejì. Tó bá pẹ́, àwọn ọmọ wọn a pàdé lọ́nà, wọn ò ní mọ ara wọn.

Philias Sansfaçon, ọ̀rẹ́ mi, fẹ́ fẹ́ Délima Ruest. Èmi náà fẹ́ ẹ, n kò sì sọ. Bàbá bàbá Philias kú sódò nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́mú. Kò sẹ́ni tó mọ orírun rẹ̀, àfi ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ sí. Àwọn Ruest ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá sí ìjọ wa ni. Bàbá bàbá Délima sì ní àbúrò kan tó lọ gé gẹdú, tí kò padà. Mo rí àyè. Mo fi abẹ ìfárí gé ojú-ìwé tí ìgbéyàwó náà wà, mo sọ ọ́ sínú iná. Mo wá sọ fún fàdá pé agégẹdú náà ni bàbá bàbá Philias, pé Sansfaçon ni àlàjẹ́ tó ń jẹ́.

Fàdá ní bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda. Bàbá Délima ta kú. "Ẹ̀jẹ̀ mi kan náà? Kó wá obìnrin ibòmíràn!"

Èyí tó burú jù ṣì kù. Philias wá bá mi. "Ovila, jọ̀ọ́, tún un wò. Bóyá ojú rẹ fò ó." Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. "Wò ó fúnra rẹ." Ó ṣí i dé òpin, kò rí nǹkan kan. Ìkà ni mí! Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Bá mi tọ́jú Délima," ló wí.

Mo tọ́jú rẹ̀. Ọdún kejì, mo fẹ́ ẹ.

Ẹ̀dà méjì ni fàdá ń kọ fún ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìjọ, ọ̀kan fún ilé ẹjọ́. Mo mọ̀. Ilé ẹjọ́ jìnnà, kò sì sẹ́ni tó lọ wò ó. Àfi lónìí tó wọ inú kọ̀ǹpútà Maëlle.

"Bàbá bàbá Philias, ọmọ Jérémie Moreau àti Geneviève Lepage ni!" Maëlle ń pariwo. "Màmá àgbà, wọn ò bá yín tan rárá!"

"Èmi ni mo gé e, Délima," ni mo wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Délima kò sunkún. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọge. "Maëlle, aago mélòó ni ọkọ̀ ojú omi ń lọ?"

"Aago mẹ́rin!"

"Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Yára!" Ó ti wọ bàtà kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lọ síbi tí kejì wà. Mo gbé bàtà kejì fún un. Mo fẹ́ kí wọ́n bá ọkọ̀ náà.

Délima, dárí jì mí, bó bá ṣeé dárí jì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi irọ́ fẹ́ aya. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo fi sùn tì í pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Philias ṣì wà láàyè lódìkejì odò. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Kò gbéyàwó rí.