Ohun Tí Ìyá Rẹ Sọ Lábẹ́ Ìbòjú

Ọmọ mi, gbé aṣọ ìgbéyàwó yẹn kọ́ ná, kí o wá jókòó tì mí. Àìsàn yìí kò ní fi mí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ọmú kan náà ni èmi àti ìyá rẹ mu, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Bàbá wa ló fi í fún ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ, tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, tó sì tún jẹ́ ọ̀gá tèmi nínú iṣẹ́ ìjọ. Ó sunkún títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àlùfáà òyìnbó nìkan ló fún un nírètí, èmi tí mo jẹ́ ògbufọ̀ rẹ̀ ni mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà: bí ìyàwó bá ní òun kò fẹ́ níwájú pẹpẹ, òun àlùfáà yóò pa ìwé dé, ìgbéyàwó náà kò sì ní wáyé. Ọkàn ìyá rẹ balẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ní ẹ̀rù kò ba òun mọ́, ṣebí èmi ni n óò dúró láàárín òun àti òyìnbó.

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bí ojú bá ti òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí n gbàgbé iṣẹ́ ògbufọ̀. Wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: mo fẹ́ràn kí gbogbo ìjọ máa wo ẹnu mi.

Nígbà náà, ìyàwó kì í gbóhùn sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìbòjú, ògbufọ̀ ni yóò gbé e síta. Nígbà tí ọjọ́ pé, òyìnbó bèèrè bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkọ náà, mo túmọ̀. Ìyá rẹ gbójú sókè sí mi.

“Mi ò fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Mo yíjú sí ìjọ, mo ní, “Ó ní òun gbà.” Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó náà. Onídùùrù, tí mo ti kọ́ ní ohun tí yóò ṣe, bẹ̀rẹ̀ orin. Ìyá rẹ tún un sọ, orin bò ó mọ́lẹ̀. Ó di apá aṣọ mi mú. Èmi ni mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, tí mo fi lé ọkọ lọ́wọ́. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá náà ni bàbá rẹ. O mọ̀ pé kò sí ayọ̀ nínú ilé yín. O ti bi mí rí, ohun tí mo fi ṣe ìyá rẹ tí kì í fi í bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ kú, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí.

“Ẹ lọ wá ògbufọ̀ wá. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.”

Ọmọ mi, bí o bá lè dárí jì mí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá lè, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n lọ́la, bí wọ́n bá bi ọ́ níwájú pẹpẹ, ká ìbòjú náà sókè. Ohun yòówù tó wà nínú rẹ, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́.