Ó Ku Ọmọ Mẹ́rin

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan? O kì í pè mí lọ́jọ́ ilé-ìwé—

ÀBÚRÒ: Iwájú ilé tí ẹ fi sílẹ̀ níbí ni mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! Ọ̀gá ilé-ìwé ló wá ń sá ilé-ìwé!

ÀBÚRÒ: Ẹ ó rẹ́rìn-ín tó bá yá. Ejẹ́ńtì yín wà níbí pẹ̀lú bíríkìlà méjì.

[Gbì! Gbì! Ìró òòlù.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń dún yẹn?

ÀBÚRÒ: Ògiri pálọ̀ yín. Wọ́n ń lù ú wò. Ejẹ́ńtì ní ẹ ti gbà láti ta ilé yìí, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di yàrá mẹ́jọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnu lásán ni mo fi gbà lánàá, n ò tíì buwọ́ lu nǹkan kan. Ó ní ilé onídìílé ò tà mọ́, yàrá kọ̀ọ̀kan layé ń wá.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn ló ń pa wá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí... Sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Aago méjìlá òní, akọ̀wé ìjọba ń bọ̀ wá ka ọmọ. Bí wọn ò bá pé ogójì, wọ́n á ti ilé-ìwé wa pa.

Ẹ̀GBỌ́N: Tiwa? Tí à ń jókòó mẹ́rin-mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì kan?

ÀBÚRÒ: Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n. Ó ku mẹ́rin.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò lè jẹ́. Ilé oníbàtà nìkan, ọmọ mẹ́sàn-án—

ÀBÚRÒ: Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ báyìí, yàrá kan, ẹnì kan. Wọn ò mọ orúkọ ara wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá Onígíláàsì ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Òun àti rédíò ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti lọ, bí ẹ̀yin náà ṣe lọ. Igi ò tíì dá, ẹyẹ ti fò.

Ẹ̀GBỌ́N: Hùn.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú. Télọ̀ wa ló dúró tì mí yìí, òun àti ọmọ ẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn, akọ̀wé ò sì ní ka ọmọ tí kò ní àdírẹ́sì. Láńlọ́ọ̀dù mẹ́tàlá ló ti lé e, wọ́n ní ọmọ ń ba ilé jẹ́. Bí kò bá rílé lónìí, ìlú míì ló ń kó wọn lọ. Ẹ jẹ́ kó háyà ilé yín. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni mo tún ń tọ́jú ilé dè? Àwọn ọmọ mi ní àwọn ò ní padà wálé.

[Fóònù ń ṣe hááá-ṣṣṣ.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Àbúrò?

EJẸ́ŃTÌ: Èmi ni, sà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn ni. Please, sà, ẹni tó fẹ́ rà á ń dúró. Ẹ má jẹ́ kí obìnrin yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: Obìnrin wo? Ọmọ ìyá mi nìyẹn!

EJẸ́ŃTÌ: Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́sàn-án ni mo ti tà ní òpópónà yìí. Ọjà ni, sà. Kò sí ìkankan tí ọmọdé wọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí ìkankan?

EJẸ́ŃTÌ: Kò sí ìkankan, sà.

[Gbì! Gbì!]

Ẹ̀GBỌ́N: Ní kí wọ́n gbé òòlù yẹn sílẹ̀.

EJẸ́ŃTÌ: Sà?

Ẹ̀GBỌ́N: N ò tà mọ́. Fún àbúrò mi ní kọ́kọ́rọ́.

EJẸ́ŃTÌ: Bàbá, ẹ ò ní rí irú oníbàárà yìí mọ́. Ẹ máa kábàámọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bóyá. Fún un.

[Kọ́kọ́rọ́ ń dún wọnran-wọnran.]

ÀBÚRÒ: Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù ti bọ́ sí mi lọ́wọ́! Télọ̀, ẹ kó wọn wọlé! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, ẹ—

[Ẹsẹ̀ ọmọdé ń sáré lórí pákó. Pákó kan ké: kíín!]

Ẹ̀GBỌ́N: Dákẹ́ ná. Àtẹ̀gùn wa nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Àwọn ló ń sáré gòkè. Ẹ jẹ́ kí n—

Ẹ̀GBỌ́N: Má lé wọn. Pákó àtẹ̀gùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣì ń ké! Òun ni Màmá fi ń mọ ẹni tó pẹ́ wọlé.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà ló máa ń pẹ́ ṣáá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kà wọ́n fún mi.

ÀBÚRÒ: Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta, ó ti dókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀kẹrin dà? Ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀kẹrin dà?

[Kíín! Kíín! Kíín!]

ÀBÚRÒ: Ó jókòó sórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fìdí mì ín kó lè ké, ó ń rẹ́rì—

[Ìpè já.]